“A Ó Gbìyànjú” Kì Í Ṣe Àdéhùn

Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ṣe lẹ́yìn tí mo bá jáde, mo máa ń dáhùn pé mo fẹ́ máa ka ìwé àdéhùn fún àwọn tí wọn kò ráyè kà á. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn. Èmi ò gbà. Lọ́yà mọ òfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa la lo ọdún mẹ́rin lórí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń di ẹrù lé èèyàn lórí, àti bó ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìjẹ́ kí ẹlòmíràn fura.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ tó ń fi ọ̀ranyàn hàn nínú ìwé òfin: “gbọ́dọ̀”, “yóò”, “lè”, “gbìyànjú” àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Òun ló gbé mi dé ìdí àwọn àdéhùn iṣẹ́ ìkọ́lé ìjọba ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, pàápàá àwọn tó ṣèlérí pé àdúgbò tí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́ yóò rí nǹkan gbà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo kíkà náà, èrò kan ló kù lọ́kàn mi, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ: iye tí wọ́n kọ sínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń fún ọmọ àdúgbò níṣẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú iye náà ni.

Ẹni méjì jókòó, ẹni kẹta ń jẹ eruku

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí à ń sọ. Ká ní ìjọba ìlú kan fẹ́ kọ́ afárá, ilé-ìwé tàbí ojú irin. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, wọ́n á jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́: ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà, ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ iná, ti àwọn tó ń to irin, ti àwọn lébírà. Wọ́n á fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo tó kárí gbogbo iṣẹ́ náà láti ìpìlẹ̀ dé ìparí, agbaṣẹ́ṣe yòówù tó bá sì fẹ́ ṣe nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Project Labor Agreement. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ á ṣèlérí pé àwọn kò ní da iṣẹ́ sílẹ̀ títí yóò fi parí. Agbaṣẹ́ṣe náà á ṣèlérí pé òun kò ní ti òṣìṣẹ́ síta, pé òun yóò san owó iṣẹ́ tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, àti pé gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ni òun yóò ti máa béèrè òṣìṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Wọ́n ti lo irú rẹ̀ níbi ìdídò ńlá Grand Coulee ní ìpínlẹ̀ Washington ní àwọn ọdún 1930. Ní 1993, nígbà tí àwọn agbaṣẹ́ṣe kan gbé iṣẹ́ ìmọ́tótó omi èbúté Boston lọ sí kóòtù, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà sọ pé bí ìjọba bá ń ra iṣẹ́ ìkọ́lé bí oníbàárà yòókù, kò sí ohun tó ní kó má ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ní February 2022, Ààrẹ Joe Biden pàṣẹ pé kí àwọn iṣẹ́ ìkọ́lé ìjọba àpapọ̀ tó bá tó mílíọ̀nù 35 dọ́là máa ní in, àyàfi àwọn tí wọ́n bá dìídì yọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àga tó wà yí tábìlì náà ká. Agbaṣẹ́ṣe jókòó, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jókòó. Àdúgbò dà? Àwọn tí kátakátà ń jí lóru, tí eruku ń bo ọjà wọn, tí owó-orí wọn wà nínú iṣẹ́ náà, wọn kò sí níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà le ju eruku lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kan fi ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, tó fi jẹ́ pé ilé gíga ń dìde ní àdúgbò wọn, ẹni tó ń kọ́ ọ sì ń wa mọ́tò wá láti ibòmíràn láràárọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí wọ́n fi gbólóhùn tiwọn sínú ìwé náà.

Boston wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dáhùn. Ní 1979, Kevin White tó jẹ́ olórí ìlú náà pàṣẹ pé níbi iṣẹ́ ìkọ́lé tí owó ìlú bá wà, ó kéré tán, ìdajì òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ olùgbé Boston. Wọ́n gbé àṣẹ náà lọ sí kóòtù títí dé òkè pátápátá, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì dá ìlú náà láre ní 1983. Ọdún yẹn kan náà ni ó di òfin ìlú: ìdá 50 nínú 100 wákàtí iṣẹ́ fún olùgbé Boston, ìdá 25 fún àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, ìdá 10 fún obìnrin. Ní 2017, wọ́n gbé e sókè sí 51, 40 àti 12. Los Angeles gba ọ̀nà tirẹ̀. Ní 2001, àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tó wà ní agbègbè Staples Center bá ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ ilé ìdárayá àti ìgbafẹ́ síbẹ̀ ṣe àdéhùn tààrà lórí iṣẹ́, ilé gbígbé àti ibi ìṣeré. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìlú ti ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àdéhùn àǹfààní àdúgbò. Nígbà tó fi máa di 2012, ilé-iṣẹ́ ìrìnnà ìjọba tó ń ṣe ojú irin ní Los Angeles ti so àwọn méjèèjì pọ̀: àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tí àǹfààní àdúgbò wà nínú rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé wákàtí iṣẹ́ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe orí èèyàn. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe lè gba ogún ọmọ àdúgbò lọ́jọ́ Ajé tí àwọn oníròyìn wà níbẹ̀, kó sì lé wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá jẹ́ orí là ń kà, ó ti ṣe tirẹ̀. Bó bá jẹ́ wákàtí, ìwé owó oṣù wọn ni yóò jẹ́rìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní San Francisco

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi gan-an wà nìyí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni San Francisco fi ní òfin pé kí ìdá 50 nínú 100 iṣẹ́ ìkọ́lé ìlú máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn olùgbé ibẹ̀. Iye yẹn dára lójú. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin náà béèrè lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe ni kó fi tọkàntọkàn gbìyànjú. Bó bá lè fi lẹ́tà tó kọ àti fóònù tó pè hàn, ó ti gbìyànjú nìyẹn.

Ní 2010, àwọn ẹgbẹ́ kan ní ìlú náà yẹ ìwé wákàtí iṣẹ́ wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Àkọlé tí wọ́n fún un ni The Failure of Good Faith. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé wákàtí tí àwọn olùgbé ìlú ń rí kò tó ìdajì iye tí òfin fẹnu sọ. Kò sí ẹni tó rú òfin o. Gbogbo wọn gbìyànjú.

Ní December ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà ṣe òfin mìíràn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011. Ẹ wo ohun tí wọ́n yí padà. Wọn kò gbé iye sókè. Ní tòótọ́, wọ́n gbé e wálẹ̀: ìdá 20 nínú 100 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó máa fi 5 gòkè lọ́dọọdún. Ohun tí wọ́n yí padà ni ọ̀rọ̀-ìṣe. “Gbìyànjú” jáde, “gbọ́dọ̀” wọlé. Wọ́n sì fi ìyà ti “gbọ́dọ̀” lẹ́yìn: wákàtí kọ̀ọ̀kan tí agbaṣẹ́ṣe bá fi kù sí iye tó yẹ, ó lè san owó iṣẹ́ wákàtí kan fún ìlú gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Ìyẹn ni pé bó o bá fi ọmọ àdúgbò sílẹ̀, kò ní dín owó tí wàá ná kù.

Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? 50 tó wà lábẹ́ “gbìyànjú” kò mú iye tó pọ̀ wá. 20 tó wà lábẹ́ “gbọ́dọ̀” mú ju 20 lọ láàárín ọdún díẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lásán ni ọ̀rọ̀ jẹ́, kó wá ṣàlàyé èyí fún mi.

Ẹ tú u sí Yorùbá

Gbogbo wa la ti ka Austin ní kíláàsì. Nínú How to Do Things with Words tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1962, ó kọ́ wa pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé sísọ wọn gan-an ni ṣíṣe wọn. “Mo ṣèlérí” wà lára wọn. Bí mo bá ti sọ ọ́, mo ti jẹ gbèsè. “Màá gbìyànjú” kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ló ń sọ, ta ló sì máa wọ inú ọkàn mi lọ wò ó?

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Bí o bá yá ọ̀rẹ́ rẹ lówó, tó wá sọ pé “màá gbìyànjú kí n san án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,” kò sí ẹni tó máa sọ fún ọ kí o tó mọ̀ pé o ò gbọdọ̀ fi owó yẹn dá àbá nǹkan kan. Bí ìyá rẹ bá ní kí o wá sílé fún ọdún, tí o sì ní “ẹ jẹ́ n wò ó ná, mà,” ó ti mọ̀ pé o ò wá. A máa ń lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti fi kọ̀ láìṣàfojúdi. Ohun tó jẹ́ ìwà ọmọlúàbí láàárín ọmọ àti ìyá wá di ẹ̀tàn nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá kọ ọ́ sínú ìwé tí owó ìjọba wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, mo ní ìdánwò kan tí mo máa ń fi wo gbólóhùn àdéhùn: mo máa ń tú u sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn lọ́yà fẹ́ràn jù ni “shall”, ẹni tó bá sì ń túmọ̀ rẹ̀ kò lè sá fún ìbéèrè yìí: ṣé “yóò” ni àbí “gbọ́dọ̀”? “Yóò” ń sọ nípa ọ̀la. “Gbọ́dọ̀” ń di ẹrù lé ẹnì kan lórí. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí òǹkọ̀wé fi méjèèjì pa mọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n nígbà tí o bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá tó ń ta àgbàdo lẹ́bàá sáìtì, wàá mú ọ̀kan. Bí o bá rí i pé o ò lè fi “gbọ́dọ̀” síbẹ̀ láìpurọ́, o ti mọ ohun tí ìwé náà jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè méjì ló kù: ta gan-an ló gbọ́dọ̀ ṣe é? Bí kò bá ṣe é ńkọ́?

Ní Brooklyn, ní 2005, wọ́n ṣe irú àdéhùn àǹfààní àdúgbò yìí lórí iṣẹ́ ìkọ́lé ńlá Atlantic Yards. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló bá ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i, àwọn kan nínú wọn sì ń gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀hún. Ìwé náà sọ pé ẹnì kan tí kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ń mú ìlérí ṣẹ. Wọn kò gba ẹni náà síṣẹ́ rí. Gbólóhùn wà, olùṣọ́ kò sí, àwọn tó sì yẹ kó pariwo ti jẹ nínú oúnjẹ náà.

Ta ni ará àdúgbò?

Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá dúró, ọ̀rọ̀-orúkọ ló kù. Ta ni “ará àdúgbò” tí wọ́n ń sọ?

Ní Los Angeles, wọ́n ń fi nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdírẹ́sì mọ̀ ọ́n. Agbègbè tí owó tó ń wọlé fún ilé kọ̀ọ̀kan bá kéré púpọ̀ ni wọ́n kà sí agbègbè aláìní. Àdéhùn 2012 sọ pé ìdá 40 nínú 100 wákàtí gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé irú ibẹ̀, ìdá 20 sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ìdá 10 sọ́dọ̀ àwọn tí ayé ti há mọ́. Wọ́n sì ka irú àwọn yẹn lẹ́sẹẹsẹ: ẹni tí kò nílé, òbí tó ń dá tọ́mọ, ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, ẹni tí kò parí ilé-ìwé girama, ẹni tó ti pẹ́ tí kò ríṣẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣòro kan wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba àpapọ̀ kò fi gbà kí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣojúsàájú fún olùgbé ìlú kan. Ibi tí owó yẹn bá wà, ohun tí Los Angeles lè sọ kò ju “agbègbè aláìní níbikíbi ní Amẹ́ríkà” lọ. Kóòtù pàápàá ti fi ìkìlọ̀ sí i: ní 1984, nínú ẹjọ́ ìlú Camden tó ní kí ìdá 40 nínú 100 òṣìṣẹ́ jẹ́ ará ìlú náà, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ìlú tó bá fẹ́ yọ ará ìpínlẹ̀ mìíràn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òfin ohun amáyédẹrùn ti 2021 ló wá fàyè gba ojúsàájú fún àdúgbò níbi iṣẹ́ ìrìnnà tí owó ìjọba àpapọ̀ wà.

Síbẹ̀, ohun kan wú mi lórí nínú ìtumọ̀ wọn. Ibi tí o ń gbé ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí bàbá rẹ sí. Ẹ fi wé tiwa. Nílùú wa níbí, bí a bá ti sọ pé “àwọn ará àdúgbò”, ẹni tó kọ́kọ́ máa yọjú ni ọmọ onílẹ̀. Ayálégbé tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀, tó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, àlejò ni. Owó “ìpìlẹ̀” tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé, orúkọ àdúgbò ni wọ́n fi ń gbà á, ṣùgbọ́n mélòó nínú àdúgbò ló ń jẹ ẹ́? Bí a bá máa kọ irú àdéhùn yìí ní ilẹ̀ Yorùbá lọ́la, tí a sì kọ “ọmọ bíbí ìlú” síbẹ̀ dípò “olùgbé”, ìjà la kọ sílẹ̀ yẹn.

Ohun tí àwọn alátakò ń sọ

Àtakò wà, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ìmọtara-ẹni-nìkan.

Àwọn agbaṣẹ́ṣe tí òṣìṣẹ́ wọn kò sí nínú ẹgbẹ́ ń sọ pé àdéhùn yìí ń ti àwọn síta, pé ó sì ń mú kí iṣẹ́ wọ́n. Ní British Columbia ní Kánádà, ọ̀rọ̀ yìí di ariwo láti July 2018. Ìjọba ibẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ fún àwọn iṣẹ́ ńlá bíi afárá tó rọ́pò Pattullo, tó sì ń fi àwọn tó ń gbé nítòsí, àwọn ọmọ onílùú àkọ́kọ́ àti àwọn obìnrin ṣáájú. Ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ láàárín 30 ọjọ́. Àwọn alátakò ní ọ̀ranyàn yẹn pọ̀ jù, wọ́n sì ní ará ìlú ni yóò san owó tó bá lé. Ó ṣeé ṣe kó lé lóòótọ́. Ìdáhùn mi ni pé owó tí a kò ná sórí kíkọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́, a ṣì máa ná an níbòmíràn, kò kàn ní hàn nínú ìwé afárá ni.

Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà ní tiwọn. Ní gbọ̀ngàn wọn, ìwé orúkọ wà: ẹni tó ti pẹ́ níjókòó ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Bí àdéhùn bá ní kí wọ́n pe ọmọ àdúgbò, ẹnì kan tó ti ń dúró láti oṣù mẹ́ta yóò máa wò ó bó ṣe ń kọjá. Ìrora gidi ni. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé apá tó dára jù nínú àwọn àdéhùn wọ̀nyí ni èyí tó jẹ mọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò gba ipò ẹnikẹ́ni, ó ń bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun ni. Bó bá parí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ tó lè gbé kiri nígbà tí wọ́n bá ti ṣí afárá tán.

Àtakò kẹta ló ká mi lára jù: “gbọ́dọ̀” kò lè dá èèyàn tí kò sí. San Francisco fẹ́ gòkè dé 50, ṣùgbọ́n wọ́n dúró sí 30, nítorí pé ní àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ kan, olùgbé tó mọṣẹ́ kò pọ̀ tó. Ní Boston, ìpín àwọn obìnrin ti ń fà sẹ́yìn sí góńgó tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí San Francisco ti ní lọ́wọ́ kó tó fi “gbọ́dọ̀” sí i: láti 2006 ni ìlú náà ti ń lo CityBuild, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó ń mú olùgbé láti ẹnu ọ̀nà dé gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ láìsí “gbọ́dọ̀” ń bí akẹ́kọ̀ọ́jáde tí kò níṣẹ́, a mọ ìyẹn dáadáa níbí. “Gbọ́dọ̀” láìsí ilé ẹ̀kọ́ ń bí àwáwí. Àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà.

Kí ló kàn wá?

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹ gbé òfin epo rọ̀bì Nàìjíríà ti 2021 wò, èyí tó kan àwọn ará Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó gẹ́gẹ́ bó ṣe kan àwọn ará Niger Delta yòókù. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ epo máa fi ìdá 3 nínú 100 owó tó ná sórí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá sínú àpò àwọn ìlú tó gbà á lálejò. “Gbọ́dọ̀” wà níbẹ̀, mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀-orúkọ: yàtọ̀ sí àwọn ìlú tó wà ní agbègbè iṣẹ́ náà, ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè pinnu ìlú mìíràn tó máa wà nínú ìtumọ̀ náà. Ẹ tún wo ìyà: bí ẹnì kan bá ba ohun èlò epo jẹ́, àpò ìlú ni wọ́n máa ti yọ owó àtúnṣe. Ìyà tó wà fún ìlú kò ṣòro rí.

Òfin 2010 tó wà fún kíkó ọmọ Nàìjíríà wọ iṣẹ́ epo náà ní gbólóhùn kan tí mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ 100 level nígbà tí mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ní ọmọ Nàìjíríà ni kí wọ́n “kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò” fún iṣẹ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́. “Shall” ló fi bẹ̀rẹ̀, ó dún bí ààrá. Ṣùgbọ́n kí ni ó di dandan? Kí wọ́n wò ọ́. Wọ́n lè wò ọ́ dáadáa, kí wọ́n sì gba ẹlòmíràn.

Ní ti iṣẹ́ títì àti afárá tó wà láyìíká wa, ohun tí mo mọ̀ ni èyí tí mo fojú rí. Nígbà tí mo wà ní 200 level, wọ́n ń ṣe títì kan tó gba ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa. Àwọn bàbá landlọ́ọ̀dù lọ bá ọ̀gá iṣẹ́ náà pé kó gba àwọn ọmọ wa. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ó ní, “Ẹ má ṣèyọnu, bàbá, a ó gbìyànjú.” Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ilé kejì sí tiwa, tó ti gba fríìdọ̀mù nídìí iṣẹ́ wẹ́dà, gbé irinṣẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Wọn kò lé e. Wọn kò sì gbà á. Kò sí ìwé kankan tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí, nítorí pé kò sí ẹni tó ṣèlérí. Títì náà dára o, mo ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ landlọ́ọ̀dù, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà yí ọgbà wa ká ń tẹ̀ka sí ìwé lóríṣiríṣi, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù, tí ẹnikẹ́ni ládùúgbò lè gbé ìwé wá, kí a tú u sí Yorùbá fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. A kò ní pe ara wa ní lọ́yà. A kàn máa fi pẹ́ńsù fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, a ó sì bi wọ́n: ta ló gbọ́dọ̀ ṣe é, fún ta ni, bí kò bá sì ṣe é ńkọ́? Ibi tí ìdáhùn kò bá sí, kí wọ́n dá bíírò padà sórí tábìlì.

Mo ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́. Mo ní màá wá. Mi ò ní màá gbìyànjú.